Ìwúkàrà Ọjọ́ Àgbélébùú

"Kalitsa! Àlùbọ́sà dà? Àwọn tábìlì kẹta ti ń wojú mi o!"

Ohùn Sofila nìyẹn, láti ẹnu ọ̀nà. Kalitsa gbọ́ ọ. Ta ló ní agbára àtidáhùn? Ó dojú kọ páànù tó ń ta pàrà, ooru ń gbá a lójú, òógùn ń gba ẹ̀yìn etí rẹ̀ wọ inú ìborùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ìkòkò makarónì ti ń hó, makarónì tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló fi ìka tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ó ti bọ́ bàtà kan sílẹ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ náà tẹ ilẹ̀ tútù.

"Ó ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi!"

"Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀! Ṣé 'ó ń bọ̀' ni kí n bù fún wọn jẹ ni?"

Aago mọ́kànlá ni bọ́ọ̀sì máa ń gbé àwọn àlejò gòkè wá láti èbúté Diafani. Aago mẹ́ta ló ń kó wọn sọ̀ kalẹ̀ padà sínú ọkọ̀ ojú omi tó gbé wọn wá. Ohun tí gbogbo Olimbos, abúlé wa tó wà lórí òkè ní erékùṣù yìí, yóò jẹ lọ́jọ́ náà gbọ́dọ̀ wọlé láàárín wákàtí mẹ́rin yẹn, torí náà kò sẹ́ni tó ń jókòó lábúlé nígbà náà àfi àwọn àlejò. Àti Sofila. Iṣẹ́ ti Sofila ni kó jókòó.

Ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ wọn ló ń jókòó sí, lórí àga onígi, nínú aṣọ àwọn ìyá wa tí wọ́n fi òwú aláràbarà ṣe ọnà sí lára, pẹ̀lú ẹyọ wúrà tó so kọ́ra wọn láti ọrùn títí dé àyà. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Arẹwà ṣì ni, ká má purọ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin nínú èdè àwọn ará Jámánì, ó gbọ́ mẹ́fà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yìí ló sì fi ń kó èrò wọlé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti so ìborùn olódòdó rọ̀. Inú páálí ni àwọn ìyẹn ti wá, ọkọ̀ ló gbé wọn dé láti ìlú tí Sofila ò mọ̀ rí. Tí àlejò bá bi í bóyá iṣẹ́ ọwọ́ ni, á na ọwọ́ méjèèjì sókè, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ọwọ́! Ọwọ́!" Irọ́ kọ́ náà. Ọwọ́ kan ṣáà ló so wọ́n rọ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ kan ṣoṣo tó wà nínú ilé náà ni aṣọ pupa kan tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri, tí wọn ò tà. Kalitsa ló hun ún nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Bó ṣe gbé àwo méjì dé tábìlì kẹta lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, obìnrin àlejò kan ń fọwọ́ pa aṣọ náà, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ Sofila pé ta ló hun ún.

Sofila fọwọ́ sáyà. "Èmi."

Kalitsa gbọ́. Ó gbé àwo sílẹ̀, ó fi aṣọ ìdáná nu ọwọ́, ó padà sídìí páànù. Ogún ọdún rèé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń hun aṣọ yẹn lójoojúmọ́.

Ní Olimbos, ọmọbìnrin àkọ́bí ló ń jogún ìyá. Ilé, oko, igi ólífì, ẹyọ wúrà ọrùn, títí kan orúkọ ìyá tó bí ìyá, òun ló ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e, kó wá ọkọ tí yóò gbà á lọ́wọ́ òfo. Tí kò bá rí, kó jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó máa sìn ín. Ẹ má bi mí bóyá ó dáa. Bí a ṣe bá a nìyẹn, ìjọba ń sọ tirẹ̀ níwájú, ìyá ń ṣe tirẹ̀ nílé. Ọkùnrin kan yọjú sí Kalitsa nígbà kan, ó bi í pé kí ni yóò gbé wá. Kalitsa sọ òótọ́ fún un. Láti ọjọ́ yẹn títí di òní tó ti di ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ìdí páànù ló wà.

Kì í ṣe pé wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́ o. Ó ń jẹun, ó ń wọṣọ. Ó ní yàrá kékeré kan nínú àgbàlá, lẹ́yìn ààrò búrẹ́dì gan-an, tó máa ń móoru nígbà òtútù. Ibẹ̀ ni bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà, ibẹ̀ ni òfì rẹ̀ wà. Nínú gbogbo ayé yìí, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó wọlé bá a.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ da àlùbọ́sà mìíràn sínú òróró ni ẹnì kan dì mọ́ ọn láti ẹ̀yìn.

"Àǹtí mi! Ẹ kú iṣẹ́ o! Kì í mà rẹ̀ yín o!"

Evdokia ni, ọmọ Sofila tó jẹ́ àkọ́bí, tó ń gbé ní Rodos, ìlú ńlá kan ní òdìkejì òkun, pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ méjì. Orúkọ ìyá wọn tó ti kú ló ń jẹ́. Kalitsa ló wẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ẹ̀yìn Kalitsa ló sì dàgbà sí.

"Ó ń rẹ̀ mí o, ọmọ mi. O ò sọ pé ò ń bọ̀."

"Bọ́ọ̀sì yẹn náà ni mo bá wá. Ẹ wò ó, ẹ ń dán ṣáká! Iṣẹ́ ló ń mú yín dán."

Kalitsa fẹ́ dá a lóhùn, àmọ́ ojú rẹ̀ gba ojú fèrèsé lọ sínú àgbàlá. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó wọ ṣòkòtò iṣẹ́, ó mú téèpù tí àwọn bíríkìlà fi ń wọn ilé lọ́wọ́. Ó wọn ààrò, ó kọ nǹkan sínú ìwé. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá Kalitsa wọlé láìkàn án. Sílípáàsì Kalitsa wà lójú ọ̀nà, ó fẹsẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì na téèpù náà gba ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Evdokia, kí ni ọkùnrin yẹn ń wọ̀n nínú yàrá mi?"

Evdokia yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Màmá! Ẹ ò tíì sọ fún wọn ni?"

Sofila ń tún ìborùn tò. "Mo fẹ́ sọ. Àlejò ò jẹ́ n ráyè."

"Láti ìgbà wo lẹ ò ti ráyè?" Kalitsa béèrè.

"Láti Àjíǹde."

Oṣù karùn-ún rèé tí ọdún Àjíǹde ti kọjá. Evdokia fa àga kan, ó jókòó, ó sì ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń fún ọmọ lóògùn. Wọn yóò wó ààrò náà nígbà òtútù, àti yàrá ẹ̀yìn rẹ̀. Yàrá àlejò mẹ́ta ni wọ́n máa kọ́ síbẹ̀, èyí tó dojú kọ òkun, kálukú pẹ̀lú balùwẹ̀ tirẹ̀. Àwọn àlejò òde òní ò fẹ́ kí aago mẹ́ta lé wọn lọ mọ́, wọ́n fẹ́ sùn, wọ́n fẹ́ rí bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Orí fóònù ni wọ́n á ti máa sanwó.

"Búrẹ́dì ńkọ́?"

"Mọ́tò á máa gbé e wá láti ìlú."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin? Àǹtí mi, ọ̀dọ̀ mi lẹ̀ ń bọ̀ ní Rodos! Yàrá wà. Ẹ ó kàn máa bá mi mú àwọn ọmọ lọ síléèwé, kẹ́ ẹ máa se oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ fún wa. Ẹ ó sinmi."

"Ṣé kí n máa se oúnjẹ lò ń pè ní ìsinmi?"

"Ẹ mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ jọ̀ọ́."

Inú bí Kalitsa. Ó wo ọmọ náà. Kò rí ìkà kankan lójú rẹ̀, ìyẹn ló tún dùn ún jù. Ọmọ náà gbà tọkàntọkàn pé ìrànlọ́wọ́ lòun ń ṣe. Kó tó lanu, òórùn kan gba gbogbo ilé, Sofila sì figbe ta lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí ló ń jó? Kalitsa! Kí ló ń jó?"

Àlùbọ́sà ti dúdú nínú páànù. Ogójì ọdún, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Kalitsa dà á nù, ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé òmíràn. Omi ń dà lójú rẹ̀ pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀. Obìnrin àlejò tó fọwọ́ pa aṣọ lẹ́ẹ̀kan wá sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó fi ọwọ́ júwe ojú tirẹ̀ pé òun mọ̀ bí àlùbọ́sà ṣe ń ṣe èèyàn. Ó ya fọ́tò rẹ̀. Àlùbọ́sà nìkan kọ́, àmọ́ ta ni yóò là á yé e?

Evdokia àti oníwọ̀n rẹ̀ bá bọ́ọ̀sì aago mẹ́ta lọ. Ilé pa lọ́lọ́. Àwọn méjèèjì jókòó sínú àgbàlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, Kalitsa ń fọ àwo, Sofila ń nu ún. Sofila ti bọ́ wúrà rẹ̀ sínú àpótí. Láìsí wúrà yẹn, ọrùn rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lè sọ fún mi."

"Kí n sọ ọ́ báwo?" Sofila ò wojú rẹ̀. "Ṣé ilé mi ni? Ọjọ́ tí Evdokia ṣègbéyàwó ni ilé ti di tirẹ̀. Ìwọ ò rántí? Èmi náà, ibi tó bá ní kí n jókòó sí ni mo máa jókòó sí. Ó ní kí n má kúrò lẹ́nu ọ̀nà, torí àwọn àlejò fẹ́ràn láti máa yà mí ní fọ́tò."

Kalitsa fi ọṣẹ fọ àwo kan lẹ́ẹ̀mejì. Kò ronú ẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Àánú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe é, inú sì tún ń bí i sí i.

"Ọ̀la ni Ọjọ́ Àgbélébùú," Sofila wí. "Má gbàgbé efinrin o."

"Tí wọ́n bá fẹ́ wó ààrò, kí la fẹ́ fi ìwúkàrà ṣe?"

"Àlejò ṣì ń bọ̀ fún oṣù kan gbáko. Kí wọ́n jẹ òkúta?"

Oṣù kan gbáko. Lẹ́yìn ìyẹn, Rodos.

Gbogbo ilé ní Olimbos ló ń tún ìwúkàrà rẹ̀ ṣe ní Ọjọ́ Àgbélébùú. Wọn á fi ògbólógbòó ṣe búrẹ́dì tán pátápátá lọ́jọ́ tó ṣáájú. Lọ́jọ́ náà gan-an, wọn á gba ẹ̀ka efinrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí wọ́n ti tò yí àgbélébùú ká. Wọn á gbé e lé ìyẹ̀fun àti omi, wọn á bò ó, ọjọ́ kẹta á sì wú fúnra rẹ̀. Ọwọ́ onílé ló yẹ kó po ó. Ṣùgbọ́n Sofila ò fẹ́ràn àtijí ní kùtùkùtù láti kékeré, ìyá wọn ò sì jí i. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Kalitsa ti ń po ìwúkàrà ilé tí kì í ṣe tirẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó mú fóònù, ó gòkè lọ sí ìdí ọlọ afẹ́fẹ́ àtijọ́ kan tó ti wó, níbi tí fóònù ti máa ń já geere. Ó pe Sevasti. Opó ni Sevasti, ó ní ilé oúnjẹ kékeré kan ní etí òkun ní Diafani, egungun ìbàdí rẹ̀ ti ń dùn ún, kò sì bímọ obìnrin. Tí wọ́n bá ti pàdé níbi ọdún ṣọ́ọ̀ṣì, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Wá bá mi ṣe é, ká máa pín èrè rẹ̀ sí méjì."

"Ẹ̀gbọ́n Sevasti, ṣé àyè yẹn ṣì wà?"

"Yéè! Ọdún kẹsàn-án tí mo ti ń bẹ̀ ọ́ rèé. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Kí ló wá dé?"

Kalitsa fẹ́ ròyìn gbogbo rẹ̀, ti téèpù, ti sílípáàsì.

"Ó rẹ̀ mí."

"Ó rẹ èmi náà," Sevasti wí. "Máa bọ̀, kó rẹ̀ wá pọ̀."

Nígbà tí ìsìn parí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Kalitsa tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn obìnrin yòókù. Àlùfáà na ẹ̀ka efinrin kan sí i. Kò kúrò níwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ fún mi ní méjì."

"Méjì kẹ̀? Ilé kan, ẹ̀ka kan."

"Ilé méjì ni, Bàbá."

Àlùfáà wò ó. Ó ti mọ ìdílé wọn láti ìgbà tí ìyá wọn wà láyé. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn wúkọ́. Àlùfáà mú ẹ̀ka kejì, ó fi lé e lọ́wọ́.

Nígbà tó délé, Sofila wà níwájú dígí, ó ń so wúrà mọ́ ọrùn. Kalitsa gbé abọ́ amọ̀ ńlá sórí tábìlì iwájú rẹ̀. Ó gbé ìyẹ̀fun tì í, ó gbé kẹ́tùlù omi tì í, ó fi ẹ̀ka efinrin kan lé e. Báàgì rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Èwo nìyí?" Sofila béèrè.

"Ìyẹ̀fun rèé, omi rèé, efinrin rèé. Ọwọ́ yín ló kù, ẹ̀gbọ́n mi. Mò ń lọ sọ́dọ̀ Sevasti."

"Láti lọ kí i?"

"Láti máa gbé."

Sofila rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ìwọ? Ní ọjọ́ orí rẹ? Àwọn èèyàn á ní mo lé ọ jáde!"

"Mo máa sọ fún wọn pé ẹ ò lé mi."

"Ta ni yóò dín àlùbọ́sà? Kalitsa, bọ́ọ̀sì ń gòkè bọ̀ ní mọ́kànlá! O gbọ́ mi?"

"Mo ti gé e sílẹ̀. Iná jẹ́jẹ́ ni kẹ́ ẹ fi dín in, kẹ́ ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀."

Sofila wo ilé yíká bí ẹni tó ń wá ohun tí yóò fi dì í mú. Ojú rẹ̀ bà sórí ògiri. "Aṣọ rẹ ńkọ́? Ìwọ lo hun ún."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa sọ ọ́ síta. Ó dun Kalitsa, ó sì dùn mọ́ ọn.

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin làwọn àlejò mọ̀ mọ́ ọn. Èmi ṣì lè hun òmíràn."

Minas, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ló gbé báàgì fún un. Àárọ̀ ni bọ́ọ̀sì máa ń ṣófo, nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ pàdé ọkọ̀ ojú omi. Kalitsa jókòó síwájú pátápátá, níbi tí àwọn àlejò máa ń jà dù. Ó gbé efinrin lé itan.

"Àǹtí Kalitsa, ẹ fẹ́ ra nǹkan léèbúté ni?"

"Rárá."

Minas wa ọkọ̀ gba kọ́nà mẹ́ta kó tó tún lanu. "Ẹ má bínú o. Mo kàn ń wò ó pé láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ yín, mi ò tíì rí yín kẹ́ ẹ jókòó."

"Wo iwájú rẹ, Minas. Má pa wá."

Ní Diafani, Sevasti fi ọ̀pá rìn wá pàdé rẹ̀, ó dì mọ́ ọn, ó mú un lọ sídìí abọ́. Kalitsa po ìyẹ̀fun, ó gbé efinrin lé e, ó bò ó. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Lẹ́yìn náà, kò sí ohun tó kù láti ṣe. Ó dúró láàárín ilé ìdáná tí kò mọ̀, ọwọ́ ń yún un.

"Jáde lọ síta jàre," Sevasti wí. "Ọkọ̀ ò tíì yọ."

Ó rìn dé etí òkun, ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Láti orí òkè ló ti ń wo omi yìí lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ìgbà tí òun gbẹ́sẹ̀ sí i gbẹ̀yìn, ọmọdé lòun. Ó ká aṣọ sókè dé orúnkún. Omi náà tutù, ẹsẹ̀ tó wú náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó sunkún díẹ̀. Kò sí àlùbọ́sà níbẹ̀ tí èèyàn lè dá lẹ́bi.

Fóònù rẹ̀ dún. Sofila ni.

"Kalitsa." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, kò ké. "Omi ìwúkàrà yìí. Báwo ló ṣe máa ń gbóná tó?"

"Bí omi tí a fi ń wẹ ọmọ tuntun."

Kalitsa gbọ́ tí Sofila gbé kẹ́tùlù sílẹ̀.

"Ìwọ lo wẹ Evdokia," Sofila wí. "Èmi ò mọ bó ṣe ń gbóná tó."

Kalitsa wo ọ̀ọ́kán. Ọkọ̀ àwọn àlejò ti yọ lẹ́yìn àpáta, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú omi.

"Ẹ ti ìgbọ̀nwọ́ yín bọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Tí kò bá jó yín, tí kò sì tutù sí yín, ó ti tó."

Ó gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ká apá aṣọ sókè. Ó gbọ́ tí ẹyọ wúrà ń ró wọ̀njọ̀n, wọ̀njọ̀n, wọ́n ń kan etí abọ́.

"Ẹ kọ́kọ́ bọ́ wúrà yẹn sílẹ̀ ná," Kalitsa wí.